Bí Adùnbárìn Ṣe Lọ Bi Iná Léèrè Bí Ó Ṣe Ń Jó

Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, fóònù yín kò ní sá lọ. Múfútáù ti kì wọ́n bọ iná, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń kùn, oòrùn ọ̀sán yìí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ igi ọdán. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ Múfútáù, ọwọ́ mi ni etí rẹ̀ wà. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà fún lọ́nà, èmi tí kò sí iwin tàbí ènìyàn tó lè fi ojú tàn jẹ. Ìyá Rẹ́mílẹ́kún, mo rí yín bí ẹ ṣe ń mi orí. Ẹ ò tíì gbọ́ ìtàn, ẹ ti ní irọ́ ni. Kò burú, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ irọ́ tó dára.

Ìtàn náà kì í ṣe tèmi. Ti Adùnbárìn ni, ọmọ tí àbúrò mi Ọdẹ́bùnmi bí. Iṣẹ́ tí Adùnbárìn ń ṣe n'Íbàdàn, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbìyànjú kí ó tó yé mi. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń ya àwòrán, àwòrán náà á sì máa rìn. Bí ó bá fẹ́ ilé, á kọ́ ilé láìfi ọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀. Bí ó bá fẹ́ odò, á da odò sílẹ̀ láìgbé korobá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní kí ó ṣe ẹtu kan fún mi kí n yìn ín níbọn. Ó ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní lè jẹ ẹ́. Mo ní, á jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò tíì pé.

Ẹ̀yin náà rántí ìjì tó jà ní abà wa yìí lọ́dún tó kọjá. Ilé ìdáná Ọdẹ́bùnmi wó lọ́jọ́ náà. Òrùlé lọ, ògiri lọ, ààrò tí ó ti ń dáná lé lórí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ di òkìtì. Adùnbárìn bá wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Gáàsì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọn á yí i ní kàà, iná aláwọ̀ aró á yọ yí ká, kò ní èéfín, kò ní òórùn. Ọdẹ́bùnmi wò ó títí, ó ní ṣé iná nìyí àbí òdòdó? Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó di òkèlè márùn-ún, ó di òkèlè kan, ó wá di omi lásán. Bùbá rẹ̀ ń tóbi jù ú lọ lójoojúmọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó ní òun kò rí àrùn kankan, ṣùgbọ́n bí màmá kò bá jẹun, ara wọn kò ní gbà á pẹ́.

Adùnbárìn kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ pa á lórí, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, “Má sunkún, Àṣàkẹ́ mi. Mi ò bínú sí ọ. Ọ̀fun mi ló pa dé. Bí mo bá tún lè fojú kan ààrò mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá yóò ṣí.”

Adùnbárìn ní, “Màámi, ẹ ó rí i.”

Ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìdáná náà padà. Ó mọ ògiri amọ̀, ó fi ìdọ̀tí èéfín kun àjà, ó gbé odó sí ibi tí odó wà, ó gbé adìẹ ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ràn yẹn lé orí odó. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá ku iná. Ó tan iná sí i, ó pe ìyá rẹ̀ wá wò ó.

Ọdẹ́bùnmi wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ilé mi rèé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sá aṣọ pupa síbẹ̀ yẹn?”

Adùnbárìn tún iná ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ní, “Èyí sàn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da epo sínú omi.” Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, kò sùn, kò wo. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò ó, ó sì kọjú sí ògiri. Ìyẹn ló dun Adùnbárìn wọra, nítorí ẹni tó bá ń báni wí, ìrètí ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ló bá gbéra, ó tọ èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá. Abéèrè kì í ṣìnà. Ó ní, “Bàbá Ọdẹ, ẹ gbà mí. Ìyá mi ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́, iná ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ fún ní ìjókòó kì í gbọ́ bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín. Mo gbé àpò ọdẹ mi fún un, ó ki kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Mo ní, “Gba ẹ̀yìn àkìtàn, wọ Igbó Èéfín. Lọ bi Iná fúnra rẹ̀.”

Kí ló dé tí èmi kò bá a lọ? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, Ìyá Rẹ́mílẹ́kún. Orúnkún mi ń dùn mí. Bí kì í bá ṣe ti orúnkún, àwọn iwin tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá ti kó kúrò nínú igbó.

Adùnbárìn wọ Igbó Èéfín, kò sì pẹ́ tí kò fi rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Àwọn igi ibẹ̀ kò ní gbòǹgbò, ńṣe ni wọ́n ń lọ ń bọ̀. Ó kọsẹ̀ lára nǹkan rírọ̀ kan, nǹkan náà sì dìde. Baba arúgbó kan ni, kò ní egungun kan lára, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n òkè ló gùn lọ dípò ìsàlẹ̀.

Baba náà ní, “Ọmọ ta nìyí, tó dé ẹnu ọ̀nà mi tí kò wúkọ́?”

Adùnbárìn kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ilé, Bàbá. Ẹ dákun, mò ń lọ sọ́dọ̀ Iná.”

“Ẹni tó bá fẹ́ rí Iná, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbà. Dá mi lóhùn: ọmọ kan ń bẹ, ó máa ń jáde nílé ṣáájú ìyá rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá sì kú, òun ni yóò gbẹ̀yìn. Ta ni?”

Adùnbárìn ronú. Ó ka gbogbo ọmọ tó mọ̀ ládùúgbò. Ó lọ sí yunifásítì, ẹ má gbàgbé, ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ ní èyí. Bí ó ti ń ronú, bẹ́ẹ̀ ni baba náà ń sún mọ́ ọn, tí ojú ń ta á, tí imú ń ṣàn, títí tí kò fi lè mú un mọ́ra. Ó lọgun, ó ní, “Yéè! Èéfín yìí mà fẹ́ pa mí o!”

Baba náà ní, “O gbà á! Èmi ni.”

Ẹ wo orí ọmọ náà! Ẹlòmíràn a máa fi ọgbọ́n yege, Adùnbárìn fi ẹkún yege. Èéfín jókòó tì í, ó ní kí ó gbé iná tó ṣe jáde kí òun wò ó. Adùnbárìn ṣí kọ̀ǹpútà. Baba náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

“Níbo ni mo wà níbẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo yọ yín kúrò ni, kí àwòrán náà lè mọ́.”

“Kí ó lè mọ́!” Baba náà fi ẹ̀rín yí igi méje ká. “Èéfín nìwà, ọmọ mi. O ya ènìyàn, o yọ ìwà rẹ̀ kúrò, o wá ń bi ìyá rẹ pé ṣé ó mọ̀ ọ́n?” Ó fa irun kan yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi sínú àpò ọdẹ, ó sì yà fún un lọ́nà.

Ibi tí Adùnbárìn tún já sí ni Ìlú Òjìji. Ní ìlú yìí, kò sí ẹni tó ń rìn nílẹ̀. Ara ògiri ni gbogbo wọn ń gbé, dúdú kirimù, wọ́n ń gùn, wọ́n ń kúrú, wọ́n ń jó láìsinmi. Adùnbárìn ń kọjá lọ láàárín ìgboro láìkí ẹnikẹ́ni, nítorí ta ló ń kí ògiri? Ló bá di pé wọ́n mú un, wọ́n fà á lọ síwájú ìyálóde wọn, obìnrin kan tí gèlè rẹ̀ kan àjà.

Ìyálóde ní, “Òun nìyí! Òun ló tan iná sínú ilé tí ògiri kò sì gbọ́! Odó wà níbẹ̀, odó kò ní òjìji. Adìẹ wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ́n. Àlejò ńlá wọlé, kò kí ará ilé kankan! Irú iná wo nìyẹn?”

Adùnbárìn dọ̀bálẹ̀ dípò kí ó kúnlẹ̀, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá lè tọ́ka ibi tí Iná wà láìrí i, wọ́n á fi í sílẹ̀, bí kò bá lè ṣe é, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó wo ọ̀tún, kò rí iná. Ó wo òsì, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú. Ó yí ọwọ́ náà padà, pípọ́n náà kò bá a yí, ọ̀nà kan náà ló ń gbà wá. Ó wo ẹsẹ̀ ògiri, ó wo ẹ̀yìn ìkòkò, gbogbo wọn ló ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà pọ́n. Ó bá nawọ́, ó ní, “Ọ̀hún ni.”

Ìyálóde bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “O ti wá mọ̀. Ojú àwọn ará ilé ni a fi ń mọ̀ pé iná wà nílé.” Ó gé díẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ́tí gèlè rẹ̀ fún un, ìyẹn náà wọ àpò ọdẹ mi. Títí di òní ni apá kan àpò náà dúdú ju apá kejì lọ. Ìyá Rẹ́mílẹ́kún ní ìdọ̀tí ni. Mo gbọ́.

Ìlú kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ-Tún-Un-Ṣe ni wọ́n ń pe ìlú náà. Bí Adùnbárìn ti wọ ẹnubodè, ọkùnrin kan sín, obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ kan ké, ọkùnrin kan ju ata sókè ó sì hán an. Adùnbárìn ní ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkùnrin náà tún sín, obìnrin náà tún rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ náà ké, ata lọ sókè, ata bọ̀. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀nà, kàkà kí wọ́n dáhùn, wọ́n sín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ké. Ìgbà tó gbọ́ ẹnu ara rẹ̀ tó ń sọ pé “Ẹ kú iṣẹ́ o” lẹ́ẹ̀kẹfà, àyà rẹ̀ já. Ó ti ń di ará ìlú!

Ibẹ̀ ni ó ti rántí. Iná tí òun ṣe fún ìyá òun, èémí mẹ́wàá péré ni ó fi ń jó, tí òun wá so ìrù rẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ kí ó máa yí lọ. Àṣírí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kí iṣẹ́ má baà pọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń wo iná inú kọ̀ǹpútà wọn láti orí àga kò bìkítà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti jókòó ti iná fún àádọ́ta ọdún, ṣé òun ni kò ní mọ̀ pé iná náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà bí arúgbó tó gbàgbé? Abájọ tí ìyá rẹ̀ fi kọjú sí ògiri. Ojú ti Adùnbárìn, ó sì fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kò jáde, “Ẹ kú iṣẹ́ o” ló jáde.

Ohun tó gbà á ni irùngbọ̀n Èéfín. Níbi tó ti ki orí bọ àpò, tó ń wá aṣọ ìnujú, irun náà kàn án nímú, ó sì sín hàáṣìì! Ó sín ní ibi tí obìnrin yẹn yẹ kó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbàgbé ẹ̀rín, ewúrẹ́ ṣi ẹnu kò ké, ata bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wo ata nílẹ̀. Kí wọ́n tó tún tò ó, Adùnbárìn ti fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Iná. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Iná yóò jókòó lórí ìtẹ́ wúrà, ẹ ṣì í. Àárín òkúta mẹ́ta ló jókòó sí, láàárín pápá kan. Bí o bá wò ó báyìí, ó dà bí ọmọ ọwọ́, bí o bá ṣẹ́jú, ìyá arúgbó ni, bí o bá tún wò ó, ó ti di ọkùnrin tó ń bínú. Kò wo ojú Adùnbárìn rárá, ohun tí yóò jẹ ló ń wá kiri.

Adùnbárìn kúnlẹ̀ lókèèrè, ó ní, “Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń jó.”

Iná ní, “Gbé tìrẹ wá kí n rí i.” Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó ta pàrà. “Ta ló tẹ́ igi sílẹ̀ gbọọrọ bí òkú yìí?”

Adùnbárìn ní, “Inú àwòrán àwọn òyìnbó ni mo ti kọ́ ọ. Inú ògiri ni wọ́n ń dá tiwọn sí, wọ́n á tẹ́ igi sórí irin.”

“Kò burú, ilé tiwọn ni. Nílé ìyá rẹ ńkọ́? Òkúta mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“O mọ ìyẹn. Ihò mélòó ni igi ń gbà wọlé? Igi wo ni ó máa ń kọ́kọ́ tì? Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí ńkọ́, kí ni ó fi ń ti igi?”

Adùnbárìn wo òkúta mẹ́ta náà. Kò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá ti ń dáná, ìta ló máa ń sá lọ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní èéfín ń ta òun lójú. Ìyá rẹ̀ kì í sì í pè é padà. Á ní, jẹ́ kó kàwé. Àádọ́ta ọdún tí obìnrin yẹn fi jókòó ti iná, ọmọ rẹ̀ kò jókòó tì í fún ọjọ́ kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti èéfín.

Iná rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Èmi kò mọ bí mo ṣe ń jó. Bí a bá ti bọ́ mi ni mo ń jó. Ẹni tó ń bọ́ mi ni kí o lọ bi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ pa òwe ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ẹ gbé e mì. Mo ti mọ òwe náà kí wọ́n tó bí yín. Ṣé mi ò sọ pé mo mọ ibi tí nǹkan náà wà?

Adùnbárìn padà sí Ìbàdàn. Kò tún nǹkan kan ṣe. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níwájú ìyá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Màámi, mi ò mọ iná dá. Ẹ kọ́ mi.”

Ọdẹ́bùnmi wò ó títí. Ó ní, “Ìwọ? Tí èéfín ń ta lójú?”

“Ẹ kọ́ mi, Màámi.”

Ọdẹ́bùnmi fa àga sún mọ́ ọn. “Kọ́kọ́ kó igi òkú yẹn kúrò níbẹ̀. Ihò mẹ́ta ni, igi mẹ́ta, kí orí wọn pàdé láàárín, kí ìdí wọn wà níta. Ìhá ẹyìn ni kí o fi ràn án. Rárá! Ṣé ìhá nìyẹn? Irun ológbò nìyẹn.” Adùnbárìn ń ṣe é, ìyá rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn. “Bí o bá ti igi, iná kì í dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Á kọ́kọ́ rẹlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, lẹ́yìn náà ni yóò bínú. Bí ọwọ́ mi bá wà nínú iyẹ̀fun ńkọ́? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tì í. Ya ẹsẹ̀ mi síbẹ̀. Èyí sanra jù!”

Adùnbárìn ti gbé ẹ̀kọ mímu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Níbi tí Ọdẹ́bùnmi ti ń bá a jà lórí ìhá, ó gbé igbá ẹ̀kọ, ó mu ún, ó gbé e sílẹ̀, ó ń bá ìjà lọ. Adùnbárìn rí i. Kò sọ̀rọ̀, kò jẹ́ mí, kí ìyá rẹ̀ má baà rántí pé ọ̀fun òun ti pa dé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Èéfín wà níbẹ̀, ó ń gùn lọ sí àjà. Òjìji odó ń jó lára ògiri, ìyẹ́ adìẹ pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́bùnmi ń ti igi, kì í tì í bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, iná kò sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọdẹ́bùnmi jókòó, ó ń wò ó. Adùnbárìn ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò ti pọ́n. Nígbà tó pẹ́, ìyá náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí èéfín fẹ́ ta lójú, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ tábìlì, ó sì ti igi tí kò sí níbẹ̀.

Ó ní, “Ó ti ràn. Àṣàkẹ́, iṣu dà?”

Orí gáàsì náà ni wọ́n ti se iṣu ọ̀hún. Ó jẹ ẹ́, ó tún bu sí i, ó ní epo kò tó. Adùnbárìn ló sunkún jẹ tirẹ̀.

Ó ti tán. Múfútáù, kó fóònù wọn fún wọn. Ta ló tún ń béèrè nǹkan? Ìyá Rẹ́mílẹ́kún ní ṣé èmi fúnra mi ti rí iná náà. Mo ti rí i. Mo lọ kí wọn n'Íbàdàn ní àsìkò ọyẹ́, wọ́n gbé e síwájú mi. Mo ti wí fún yín pé kò sí ohun tó lè fi ojú tàn mí jẹ. Mo jókòó, à ń sọ̀rọ̀ ilé, à ń sọ̀rọ̀ oko. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé Adùnbárìn àti ìyá rẹ̀ ń wo ọwọ́ mi. Mo wo ọwọ́ náà. Mo ti na méjèèjì sí kọ̀ǹpútà, mo ń yáná.

Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Ọwọ́ mi gbóná lọ́jọ́ náà.